Mítà 100 kò wọ inú plọ́ọ̀tì kan ní Awoyaya

Tí ẹ bá gba ojú títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀ Thursday tàbí Friday láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta, ẹ ó rí wọn. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé tí wọ́n so bàlúùnù mọ́, àwọn ọmọ tó wọ jẹ́sì pupa, yẹ́lò, búlùú àti gíríìnì, tí wọ́n yọ orí lójú fèrèsé, tí wọ́n ń kọrin. Láti Ṣàngótẹ̀dó dé Abijo, dé Awoyaya, dé Lakowe, gbogbo wa la mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Inter-house ti dé. Ọyẹ́ ti lọ, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀, oòrùn sì ń mú bí iná. Àwọn òyìnbó ní ìgbà ìrúwé tiwọn. Àwa náà ní táàmù kejì.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, táàmù kejì ni mo fẹ́ràn jù. Táàmù kìíní, a ṣì ń wojú ara wa. Táàmù kẹta, òjò àti ìdánwò ni. Àmọ́ táàmù kejì! Ibẹ̀ ni cultural day wà, tí kálukú á lọ yá aṣọ òfì màmá rẹ̀. Ibẹ̀ ni excursion wà. Ibẹ̀ ni káàdì Valentine wà, tí tíṣà máa ń gbà kó tó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Èyí tó wá ga jù ni inter-house. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ tó máa ń gbé ipò ìkẹyìn nínú Maths lè di ẹni tí gbogbo ilé ìwé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn láàárín ọdún tí ilé ìwé máa sọ fún wọn pé àwọn náà mọ nǹkan kan ṣe.

Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo rí lọ́dún yìí fi dùn mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 12, JSS2 ló wà ní ilé ìwé aládàáni kan ní Awoyaya. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, torí ẹ̀sùn tí mo fẹ́ kà kì í ṣe tiwọn nìkan. Ọmọ yìí mọ eré sá. Kì í ṣe torí pé ẹbí mi ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n ṣe heats, ó já àwọn yòókù sílẹ̀ pátápátá, wọ́n sì mú un fún mítà 100 Yellow House. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń sáré lálaalẹ́, láti ẹnu géètì ẹ̀sítéètì wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà.

Jẹ́sì háùsì jẹ́ ₦18,000. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí owó ilé ìwé tó ń san díẹ̀díẹ̀ ni, ó bẹ̀ wọ́n pé òun á san ti jẹ́sì tí oṣù bá parí. Lọ́jọ́ inter-house, mo gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ náà ní pápá tí ilé ìwé yá lápá Ajah. Mo bá a lábẹ́ kánópì, yunifọ́ọ̀mù ló wọ̀, ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́fà mìíràn tí wọn ò ní jẹ́sì. Ọmọ mìíràn ló ti bá a sáré eré rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ní kí àwa máa pàtẹ́wọ́."

Òfin ni mo kà ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ wa. Àmọ́ mi ò rí nǹkan kan sọ fún ọmọ yẹn.

Mo lọ bá màmá tó ni ilé ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, ìjà ni mo bá lọ. Obìnrin náà fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ní, "Àǹtí lọ́yà, ẹ má bínú. Owó pápá ń bẹ níbẹ̀, owó kánópì àti àga, owó bọ́ọ̀sì, owó nọ́ọ̀sì, owó DJ, owó àwọn ọmọ báńdì. Inú owó jẹ́sì yẹn ni mo ti ń yọ gbogbo ẹ̀. Ṣé ẹ ti rí ilé ìwé wa? Ibo lẹ fẹ́ kí n ní kí wọ́n ti sáré?"

Mo sọ fún un pé kò yẹ kí wọ́n tìtorí owó jẹ́sì fi ọmọ jókòó, ó sì gbà pé kò dáa. Àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ bá mi délé. Ibo ni kí wọ́n ti sáré?

Ẹ̀yin tó ń gbé àdúgbò wa, ẹ mọ irú ilé ìwé tí mò ń sọ. Ilé duplex tí wọ́n kọ́ fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ni. Pálọ̀ ti di kíláàsì JSS1, yàrá ọ̀gá ilé ti di láìbìrì, ibi tó yẹ kí mọ́tò méjì máa gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ti ń ṣe assembly. Interlock ni gbogbo ilẹ̀ láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Tí aago break bá lù, ohun àkọ́kọ́ tí tíṣà máa sọ ni pé, "Ẹ má sáré o!" Kò sì jẹ̀bi. Ọmọ tó bá ṣubú lórí interlock, orúnkún rẹ̀ á bó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Plọ́ọ̀tì ilẹ̀ tó kún, bí a ṣe ń tà á ní Èkó, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀ àti 120 ní gígùn ni. Ẹsẹ̀ bàtà 120 ò ju mítà 36 àti díẹ̀ lọ. Kí ọmọ kan tó lè sá mítà 100 tààrà, wọ́n gbọ́dọ̀ to plọ́ọ̀tì mẹ́ta léra ní gígùn, kí wọ́n má kọ́ nǹkan kan sórí rẹ̀, síbẹ̀ náà, tó bá dé òpin, ìwọ̀nba mítà díẹ̀ ló kù kó tó fẹnu gbá fẹ́ǹsì. Tíráàkì mítà 400 tó pé, bíi mítà 176 ní gígùn àti 92 ní fífẹ̀ ló ń gbà. Ìyẹn bíi hẹ́kítà 1.6, tàbí plọ́ọ̀tì 24. Ilé ìwé tó wà lórí plọ́ọ̀tì kan tàbí méjì, àfi kó yá pápá. Tó bá yá pápá, á yá kánópì. Tó bá yá kánópì, á gba DJ kí àwọn òbí má baà sùn. Gbogbo rẹ̀ á wá di ₦18,000, ọmọ tí ò bá sì rí i san á máa pàtẹ́wọ́.

Àìsí pápá ló sọ eré ọmọdé di ọjà. Tí pápá bá wà nínú ọgbà, tàbí tó wà nítòsí, eré sísá ò ní ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọmọ á sáré ní Monday, á sáré ní Wednesday, tí inter-house bá wá dé, ìdánwò ohun tó ti ń kọ́ ni á jẹ́. Nísinsìnyí, ọjọ́ kan ṣoṣo là ń ṣe é lọ́dún, torí fọ́tò àti fídíò tí a máa gbé sórí status WhatsApp. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó yẹ kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré ìmárale fún wákàtí kan, ó kéré tán, lójoojúmọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n sọ o. Wọn ò sọ pé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú DJ.

Àwọn tó ṣáájú wa ṣe ju báyìí lọ. Nígbà tí ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì dá Igbóbì College sílẹ̀ ní Yaba lọ́dún 1932, wọ́n wá ilẹ̀ tó gba kíláàsì àti pápá. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn ní January 1955, apá Ẹ̀pẹ́ ọ̀hún wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ló sì fún ilé ìwé nílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Wọn ò lówó tó wa. Síbẹ̀, ẹ lọ wo ilé ìwé ìjọba tó ti pẹ́ ní abúlé èyíkéyìí. Òrùlé lè ti jò, fèrèsé lè ti yọ, àmọ́ pápá ń bẹ níbẹ̀, gólù igi méjì sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ sì wo èso tó so. St. Finbarr's College ní Akọka ni Stephen Keshi ti gbá bọ́ọ̀lù ilé ìwé. Òun ló jẹ́ káńtẹ̀nì Super Eagles tó gba ife Áfíríkà lọ́dún 1994, òun náà ló tún jẹ́ kóòṣì nígbà tí wọ́n gbà á lọ́dún 2013. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ tíṣà ni. Our Lady of Apostles ní Ìjẹ̀bú-Òde ló lọ. Ní July 24, 2022, ní Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó fò mítà 100 onígi ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, kò sì sí obìnrin kankan láyé tó ti yára tó bẹ́ẹ̀ rí lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ rò pé ọmọ tí wọ́n ń sọ fún pé "má sáré" lórí interlock fún ọdún mẹ́fà lè débẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí Tóbi mìíràn wà ní Eputu tàbí Bogije báyìí, tó jókòó sábẹ́ kánópì.

Ọ̀rọ̀ náà tún ju àmì ẹ̀yẹ lọ. Tí ilé ìwé bá ń kó ọmọ lọ síbi tí kì í ṣe tiwọn, wọn ò mọ wáyà tó wà nílẹ̀, wọn ò mọ ihò tó wà nínú koríko. Ní February 9, 2023, ọmọ ọdún 12 kan jáde nílé lọ sí inter-house tí ilé ìwé rẹ̀ lọ ṣe ní pápá ìṣeré Agége, kò sì padà délé láàyè. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé iná mànàmáná wà lára ohun tó pa á. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, mi ò sì ní bá adájọ́ dá ẹjọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá wà nínú ọgbà ara rẹ̀ lè ti yẹ gbogbo wáyà wò láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó yá pápá fún ọjọ́ kan, kánmọ́kánmọ́ ló ń ṣe gbogbo nǹkan.

Kí wá ni òfin wí? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003, abala 12 rẹ̀ sọ pé gbogbo ọmọ ló ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi, eré àti ìdárayá tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007. Kó tó dìgbà yẹn, Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé lọ́dún 1991, abala 31 àdéhùn yẹn sì sọ ohun kan náà. Ẹ̀tọ́ lòfin pè é. Kò pè é ní àǹfààní fún ẹni tó bá san owó jẹ́sì.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn á sọ. Á ní, "Àǹtí, ilẹ̀ ti wọ́n ní Awoyaya. Ta ló fẹ́ fi plọ́ọ̀tì 24 sílẹ̀ fún ọmọdé kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù?" Òótọ́ ni, ilẹ̀ ti wọ́n. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí ilẹ̀ ṣe ń rìn ní àdúgbò wa. Kò sí ọmọdé ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí tí ò mọ ọ̀rọ̀ méjì yìí: acquisition àti excision. Ìjọba á ní òun ti gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo èèyàn, ìyẹn acquisition. Lẹ́yìn náà, á yọ díẹ̀ padà fún àwọn ẹbí tó ni ín, á kọ ọ́ sínú gazette, ìyẹn excision. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ló fún gómìnà lágbára yẹn. Abala kìíní rẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo wa. Abala 28 sì jẹ́ kó lè gba ilẹ̀ padà tí ìlò gbogbo ìlú bá béèrè fún un.

A ti rí i tí wọ́n lo agbára yẹn dáadáa. Wọ́n rí ilẹ̀ fún free zone. Wọ́n rí ilẹ̀ fún èbúté Lekki tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2023. Wọ́n rí hẹ́kítà 2,635 fún ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote. Mi ò bínú sí ọ̀kankan nínú wọn, ìlú gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjọba tó lè rí hẹ́kítà 2,635 fún epo lè rí hẹ́kítà 1.6 fún eré. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ṣe excision fún ẹbí kan, kí ló dé tí wọn ò lè kọ ọ́ sínú ìwé pé igun kan níbẹ̀ á jẹ́ pápá ọmọ ìlú, tí ẹbí ò gbọdọ̀ tà, tí ìjọba náà ò sì gbọdọ̀ tà? Ní ilẹ̀ England, òfin ti wà láti 1998 tó ní wọn ò gbọdọ̀ ta pápá ilé ìwé ìjọba àfi tí mínísítà bá fọwọ́ sí i. Àwọn tó kó inter-house wá fún wa ń fi òfin ṣọ́ pápá tiwọn. Àwa mú jẹ́sì, a fi pápá sílẹ̀.

Ẹlòmíràn á tún ní ìwé ni ọmọ wá kà, kì í ṣe eré. Mo gbọ́. Àmọ́ òbí kan náà tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ló ń san owó gym lóṣooṣù kó lè fọ́nkàn lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí àgbàlagbà nílò kí orí rẹ̀ lè ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún 12 nílò rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn onílé ìwé aládàáni náà á ní kí n má ba iṣẹ́ àwọn jẹ́. Mi ò ní kí ìjọba ti gbogbo ilé ìwé tí ò ní pápá. Tí wọ́n bá tì wọ́n lọ́la, ibo ni àwọn ọmọ Awoyaya fẹ́ lọ? Ilé ìwé ìjọba tó wà nítòsí ò lè gba gbogbo wọn. Àwọn onílé ìwé yìí ń ṣe iṣẹ́ tí ìjọba ò ṣe tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé nǹkan mẹ́ta ló ṣeé ṣe láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Èkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ṣí pápá àwọn ilé ìwé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwé aládàáni tó yí wọn ká, lórí àkókò tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Kí àwọn aládàáni máa gé koríko ibẹ̀, kí wọ́n máa tún fẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe. Ọmọ ìjọba àti ọmọ aládàáni á jọ máa sáré. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn náà.

Èkejì, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ojúlówó ẹ̀kọ́ l'Ékòó ló ń fọwọ́ sí ilé ìwé, òun ló sì ń lọ yẹ̀ wọ́n wò. Kí wọ́n béèrè ohun kan lọ́wọ́ ilé ìwé tí ò ní pápá: ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ní pápá nítòsí, tó fi hàn pé àwọn ọmọ ń lọ síbẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ilé ìwé tí ò bá ní èyí, kí wọ́n fún un ní gbèdéke.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fòfin dè é pé kò sí ọmọ tí wọ́n lè yọ kúrò nínú eré ilé ìwé torí owó aṣọ. Tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù yẹ́lò mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tiwa, ríbọ́ọ̀nù la so, a sì sáré.

Ẹ̀yin òbí, pàápàá ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ilé ìwé kiri fún ọmọ, ọwọ́ yín ni èyí tó rọrùn jù wà. Tẹ́ ẹ bá lọ wo ilé ìwé, ẹ máa ń bèèrè AC, ẹ máa ń bèèrè kọ̀ǹpútà, ẹ máa ń bèèrè bóyá wọ́n ń kọ́ wọn ní French. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un: "Ibo ni ọmọ mi á ti máa sáré?" Tí òbí mẹ́wàá bá bi wọ́n léèrè kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀, onílé ìwé á wá ìdáhùn. Owó wa ni wọ́n ń ná, wọ́n á gbọ́ tiwa.

Ẹ̀gbọ́n mi ti san owó jẹ́sì náà báyìí. Wọ́n fún ọmọ náà ní yẹ́lò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí inter-house ti parí. Ó wọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́ Sunday, ó ní kí n fi fóònù mi ká àkókò fún òun ní ojú ọ̀nà ẹ̀sítéètì wọn. Ó sá a dé ìdajì, mọ́tò kan yà wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà títí mọ́tò fi kọjá. Ó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó tún sá a. Mọ́tò mìíràn tún dé.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbìyànjú kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sá mítà 100 rẹ̀ parí lẹ́ẹ̀kankan.